Gìtá Tó Ṣáájú Mi Sọdá Ọ̀sà

Gìtá mẹ́ta ni mo ní kí ẹ̀kẹrin tó dé, gìtá béèsì sì ni gbogbo wọn. Fún ẹni tí kò bá mọ béèsì, òun ni gìtá olókùn nínípọn tí kì í pariwo, tó máa ń dún gbìì, gbìì lábẹ́ orin, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá dákẹ́ ni ìjọ tó máa ń mọ̀ pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi tí mò ń ta á kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹnu mi kì í dákẹ́. Ìyàwó mi ní bóyá ìdí tí mo fi yan béèsì nìyẹn, kí ọwọ́ mi lè máa ṣe sùúrù tí ẹnu mi kò ní.

Adó-Èkìtì ni mo ti ra èkíní nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ olórin kan tí wọ́n jà tí wọ́n sì tú ká. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀ kí n tó rà á, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Èkejì, Kútọnu ni mo ti lọ rà á lẹ́yìn tí iṣẹ́ gbé mi wá sí Àgbádárìgì. Faransé àti Ègùn ni ọkùnrin tó tà á fún mi ń sọ, n kò sì gbọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì nígbà náà. Àtàǹpàkò tó ń nà sókè ni mo fi gbà pé gìtá náà dára. Ẹ̀kẹta pupa, ó ń dán, olókùn márùn-ún ni. Mo rà á nítorí pé atabéèsì ìjọ tó wà ní òdìkejì títì ra olókùn márùn-ún. Ó wúwo púpọ̀. Bí mo bá fi kọ́rùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin, ìyàwó mi ní láti fi ìpara gbígbóná ra mí léjìká.

Wáyà ni mo lọ rà lọ́jọ́ tí mo rí ẹ̀kẹrin. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Imeke ń ta ohun èlò orin tokunbọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó kún débi pé ẹ̀gbẹ́ ni oníbàárà máa ń fi wọlé. Bí mo ṣe ń dúró kí ó bá mi wá wáyà, mo rí gìtá kan tó fara ti ògiri lẹ́yìn àwọn kíbọ́ọ̀dù. Àwọ̀ igi lásán ni, kò dán, nǹkan sì ti họ ọ́ lẹ́yìn. Mo gbé e kí ọwọ́ mi má bàa dilẹ̀ ni. Mo so ó mọ́ sípíkà, mo ta okùn tó nípọn jù nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú àyà mi ni ohùn náà wọ̀ lọ. Kì í ṣe pé ó ròkè. Ó kàn kún ni, ó jókòó sí ààyè rẹ̀, nígbà tó sì fẹ́ lọ, ó rọra lọ. Ọ̀rẹ́ mi gbórí sókè láti inú páálí wáyà, ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí. Irọ́ ni. Mo ti mọ̀ pé n kò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn láìgbé e, ojú mi ni mò ń gbìyànjú láti fi pamọ́ kí ó má bàa gbówó lé e.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó wo àpò dúdú tó wà lẹ́yìn mi.

"Ẹ kú àbọ̀ o, Dádì. Ìyálé mẹ́ta wà nínú yàrá, ẹ tún gbé ìyàwó wálé."

"Wáyà ni mo lọ rà."

"Mo rí wáyà náà."

Ohun tí n kò retí ni ohun tí gìtá tuntun yìí ṣe sí àwọn yòókù. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, wọ́n ṣì kọ́ sára ògiri bí wọ́n ṣe wà, àmọ́ etí mi ló là. Àṣé ọrùn tó tẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ máa dùn mí láti ọjọ́ yìí wá. Àṣé ti Kútọnu kì í dúró lójú ohùn. Bí a bá fi máa dé ẹsẹ kẹta orin, ó ti yẹ̀. Pupa olókùn márùn-ún, n kì í tilẹ̀ fọwọ́ kan okùn karùn-ún. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n ta tó. Mo máa ń tijú bí mo bá ṣìṣe, mo máa ń ka ara mi sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le. Ìgbà tí mo gbé gìtá Imeke sórí itan ni mo rí i pé ọwọ́ mi kò le. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín lémi nìkan nínú yàrá, n kò sì tún gbé àwọn mẹ́ta náà sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ibi tí a wà nìyẹn tí ìkórè fi dé. Àmọ́ kí n tó sọ ti ìkórè, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá ìyàwó mi.

Ègùn ni wọ́n, Topo ni wọ́n ń gbé, ní òdìkejì ọ̀sà. Wọ́n ń ṣe òróró àgbọn. Láràárọ̀ Sunday, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá wá sí ìjọ wa, nítorí inú Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n á gbọ́ ìwàásù, wọ́n á jẹun nílé wa, wọ́n á sì sọdá padà kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń lọ ni wọ́n máa ń béèrè pé, "Ìgbà wo lẹ óò wá wò mí?" Gbogbo ìgbà náà ni mo máa ń dáhùn pé, "Láìpẹ́, Màmá."

Ẹ̀rù omi ló ń bà mí. Èkìtì ni wọ́n ti bí mi, láàárín òkè àti àpáta. Omi tó pọ̀ jù tí mo mọ̀ kí n tó dàgbà ni ti inú àmù ìyá mi. Ìyàwó mi ní ọ̀sà yẹn kò ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ, pé inú rẹ̀ ni òun ti kọ́ ìrìn. Mo sọ fún un pé òmùwẹ̀ ló ń bómi lọ. Ó ní ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ń kọ́? Mo ní ilé la ń jókòó sí. Bí bàbá bá sì jókòó sílé, ìyá àtàwọn ọmọ a máa bá a jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa kò ṣe dé Topo.

Lọ́jọ́ ìkórè, gìtá tuntun ni mo gbé lọ, ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú ìjọ nìyẹn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó gbé ọrẹ lọ síwájú pẹpẹ, mo ta béèsì débi pé àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti jókòó tún dìde. Ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan, àgbọn tí a so pọ̀ ní méjì-méjì, iṣu, ewúrẹ́ kan tó ń wo gbogbo wa tìjà-tìjà. Ọrẹ kún ibẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwa olórin, tí n kò rí ibi gbé gìtá sí. Àwọn ọmọdé sì ń sá kiri. Mo rọra ti gìtá náà sínú àpò rẹ̀, mo fi ti ara irin pẹpẹ, láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn, níbi tí ọmọdé kankan kò ní dé. Mo tún fún un mọ́ àárín wọn pẹ́kípẹ́kí kí ó má bàa ṣubú.

Àlùfáà wa wá dìde, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n ní kí Olúwa gba gbogbo ohun tó wà níwájú pẹpẹ yìí, láti èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, kí ó sì bùkún ọwọ́ tó mú un wá. Èmi gan-an ni Àmín mi ròkè jù.

Lẹ́yìn ìsìn, gbànjo bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan láti Kankon ló máa ń ta ọjà gbànjo fún wa, aláwàdà ni, ohùn wọn kò sì nílò ẹ̀rọ. Wọ́n ta ewúrẹ́, wọ́n ta iṣu, wọ́n ta ẹja, èmi ń bá wọn rẹ́rìn-ín, mò ń jẹ àkàrà. Ni mo bá rí i tí wọ́n gbé àpò dúdú kan sókè, tí wọ́n ṣí i, tí gbogbo ìjọ sì pariwo.

"Ẹ wò ó! Ọrẹ ńlá lèyí! Ẹgbẹ́ akọrin ti ná ara wọn fún Olúwa lọ́dún yìí! Ta ló máa kọ́kọ́ dá a lé?"

Mo ju àkàrà sílẹ̀. Mo nawọ́ sókè láti sọ pé ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ìyẹn kì í ṣe ọrẹ.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀! Atabéèsì wa ti nawọ́!"

Àtẹ́wọ́ bú jáde. Ẹ bá mi rò ó. Kí ni mo fẹ́ wí? Àdúrà ti kọjá lórí rẹ̀, ìjọ ti yin Ọlọ́run nítorí rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ Àmín mi. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó bọ́ síwájú tó gba nǹkan padà lọ́wọ́ Olúwa lójú gbogbo èèyàn? Mo sọ fún ara mi pé kò burú, màá rà á padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra iṣu tara wọn padà ní gbànjo, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì bá mi dá a lé díẹ̀, ó rí ojú mi, ó jókòó. Ọkàn mi ti ń balẹ̀ nígbà tí ohùn kan dún láti orí ìjókòó àwọn ìyá.

"Mo fi lé e!"

Ìyá ìyàwó mi ni. Mo rò pé wọ́n ń ràn mí lọ́wọ́ ni, kí ọjà lè gbóná. Mo fi díẹ̀ lé e. Wọ́n tún fi lé e, wọn ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Mo tún la ẹnu. Ni gbogbo ìjókòó àwọn ìyá bá ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Háà! Ìyá ìyàwó ẹ!"

Mo pa ẹnu dé. Ta ló ń bá ìyá ìyàwó rẹ̀ du nǹkan ní gbangba? Wọ́n lu agogo. Wọ́n kéde pé Màmá láti Topo ló rà á.

N kò bẹ̀rù púpọ̀ nígbà náà. Mo rò pé ẹ̀bùn ni, pé bí a bá délé wọ́n á gbé e fún mi. Nígbà tí a jáde sí ìta ìjọ, mo dọ̀bálẹ̀ dáadáa, mo dìde, mo sì na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ ṣeun gan-an ni, Màmá. Olúwa á pọ̀ ọ́n fún yín."

Wọ́n wo ọwọ́ mi. "Kí ni?"

"Gìtá, Màmá."

"Gìtá mi ńkọ́?" Wọ́n gbé okùn àpò náà kọ́ èjìká, wọ́n tún ìró ró. "Ẹni tó bá fẹ́ ta á, ó mọ ilé mi. Ó dàbọ̀ o."

Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀. Ìyàwó mi ti kọ ẹ̀yìn sí mi, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ó ń sunkún fún mi. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó jẹ́wọ́ pé òun lòun sá lọ bá ìyá òun nígbà tí bàbá Kankon gbé àpò sókè, tí òun bẹ̀ wọ́n pé, "Màmá, ẹ gbà wá, gìtá tí Dádì fẹ́ràn nìyẹn." Ó ní àmọ́ o, ibi tí iṣẹ́ tí òun rán wọn parí sí nìyẹn, ìyókù, ara wọn ni wọ́n rán.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo gbé ti Kútọnu lọ sí ìjọ. Kò sí ẹni tó mọ ìyàtọ̀ àfi èmi, ohun tó sì bí mi nínú jù nìyẹn. Màmá jókòó síwájú, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, inú wọn dùn. Mo fẹ́ gbàgbé gìtá náà, ó kọ̀. Bí mo bá wà níbi iṣẹ́, ìka mi á máa ta orí tábìlì. Ojú ọ̀sà yẹn tí mo ti ń yẹra fún, gbogbo àárọ̀ ni mò ń wò ó báyìí láti ojú títì, bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lọ sílé àná rẹ̀ tí kò tètè padà. Kí Saturday tó dé, mo ti gba fún Ọlọ́run. Mo ní kí ìyàwó mi múra àwọn ọmọ.

Ẹ má jẹ́ kí n ròyìn ọkọ̀ ojú omi yẹn. Mo so jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì mọ́ra débi pé n kò lè mí, mo di pákó mú, mo sì dijú. Ọmọ mi obìnrin ní, "Dádì, a ti dé o." Mo ní kí ó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní a ti dé ní tòótọ́. Mo lajú, mo rí èbúté, àwọn igi àgbọn, àti ìyá ìyàwó mi tí wọ́n dúró lórí iyanrìn, tí wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ovi ṣie," ni wọ́n wí fún ìyàwó mi, wọ́n gbá a mọ́ra. Èyí tí mo mọ̀ nínú Ègùn nìyẹn, ó túmọ̀ sí ọmọ mi. Wọ́n wá wò mí. "Ìwọ náà, awanu, káàbọ̀. O kú ewu omi. Ó wà ní pálọ̀."

Wọ́n ti kan ìṣó ńlá kan mọ́ ògiri, jìnnà sí èéfín ilé ìdáná, wọ́n gbé gìtá kọ́ ọ, wọ́n fi gèlè àtijọ́ bò ó. Mo ṣí gèlè náà, mo fọwọ́ kan okùn. Ó ń yọ̀. Wọ́n ti fi òróró àgbọn pa okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń pa ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Wọ́n ní atẹ́gùn òkun níbí, ìpáàrà ló ń kó bá irin, àfi bí òun bá tọ́jú rẹ̀. Ní tèmi, n kò jẹ́ fi òróró kan okùn gìtá láé. Mo fi aṣọ nu díẹ̀ kúrò, mo sì ta á. Létí tèmi, ó dùn ju bó ṣe dùn ní Imeke lọ.

Kò sí sípíkà nílé wọn, béèsì tí kò sì ní sípíkà kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú aṣọ. Màmá ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Mo wá rántí ohun tí a máa ń ṣe nílé ẹ̀kọ́ bí iná bá lọ. Mo gbé àga sídìí ìlẹ̀kùn pákó tó nípọn, mo fi orí gìtá tì í gbọin, mo sì ta á. Ìlẹ̀kùn gba ohùn, ó ń dún jáde láti ara pákó. Àwọn ọmọ pariwo. Màmá dìde, wọ́n gbé àpótí àti igbá àgbọn wọn sí òdìkejì ìlẹ̀kùn, wọ́n fi ẹ̀yìn tì í, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

"Má dúró," ni wọ́n wí láti ìta. "Ó ń wọ̀ mí lẹ́yìn."

Bẹ́ẹ̀ ni Topo ṣe di ibi tí a ń lọ. Mo ní gìtá mẹ́ta lára ògiri nílé, mo tún ń sọdá ọ̀sà ní gbogbo Saturday láti lọ ta ẹ̀kẹrin lára ìlẹ̀kùn. Ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú. Ẹ̀rù omi dín kù, kò tán. Mo ń lajú títí a ó fi dé àárín, lẹ́yìn náà mo ń dijú. Àwọn ọmọ mọ ọ̀nà ibi tí mọ́ṣàlásí àwọn apẹja wà, wọ́n mọ ibi tí ògiri ilé ìjọ àwọn Àgùdà àtijọ́ wà, Ègùn wọn sì ti dára ju tèmi lọ. Bí mo bá ń ta gìtá, Màmá á wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, n kì í rí wọn, àmọ́ mo máa ń mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn orin kan bí ìró ọ̀bẹ wọn lára àgbọn bá dúró.

Àmọ́ mo ṣì fẹ́ gìtá mi, n kò parọ́. Ìkórè mìíràn ti ń bọ̀, mo sì fẹ́ kí ìjọ gbọ́ ọ. Mo fi owó tí Màmá ná pamọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé. Saturday kan báyìí, nígbà tí mo ta á tán, mo ti gìtá sínú àpò, mo jáde lọ bá wọn lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì fi àpòòwé tí mo kó owó náà sí síwájú wọn.

"Kí nìyí?"

"Owó gìtá ni, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n rà á padà lọ́wọ́ yín."

Wọ́n fi ọ̀bẹ lélẹ̀. Wọn kò fọwọ́ kan àpòòwé náà. Wọ́n yí ojú sí àgbàlá, ibi tí ìyàwó mi jókòó sórí ẹní tó ń di irun fún ọmọ wa obìnrin, tí èyí ọkùnrin sì ń wọ́ imọ̀ àgbọn kiri tó ń pariwo pé ọkọ̀ òun ni.

"Ta ló sọ fún ẹ," ni wọ́n wí, "pé gìtá ni mo rà?"

Èmi náà yíjú sí àgbàlá. Wọ́n ti àpòòwé náà padà sí mi lórí iyanrìn, wọ́n sì tún gbé ọ̀bẹ wọn. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ gbé e lọ, kí n máa gbé e lọ, òun kò ní bá mi jà.

Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti ń pè. Mo padà sínú pálọ̀. Lẹ́yìn náà mo yọ gìtá kúrò nínú àpò, mo da òróró díẹ̀ sórí aṣọ, mo fi pa okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo gbé e kọ́ orí ìṣó, mo sì fi gèlè bò ó.

A ti dé àárín ọ̀sà kí ìyàwó mi tó kíyè sí i pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn mi.

"Dádì, gìtá ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà nílé."